Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Láàárín 7 sí 3 àti 73 sí Òdo

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1940, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Chicago Bears wọ ìlú Washington, wọ́n sì na àwọn onílé ní 73 sí òdo. Àṣekágbá ni, kì í ṣe ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ méjì tó mókè jù nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, lọ́dún náà ló pàdé, èyí tó sì jẹ ìyà yìí gan-an ni èsì rẹ̀ dára jù kí wọ́n tó dé ibẹ̀: Washington ti borí lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ó pàdánù lẹ́ẹ̀méjì, Chicago borí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ó pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Títí di òní, kò tíì sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ NFL kankan tí àlàfo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Super Bowl (orúkọ tí àṣekágbá NFL ń jẹ́ lónìí) tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ jù nídìí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí San Francisco fi na Denver ní 55 sí 10 ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1990, kò súnmọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n 73 fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń mú mi padà sídìí ìtàn náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ṣáájú, ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, ẹgbẹ́ méjì yìí kan náà ti pàdé lórí pápá yìí kan náà, Washington ló sì borí, 7 sí 3. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kò yí padà. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kò yí padà. Kò sẹ́ni tó lọ ra ẹsẹ̀ tuntun lọ́jà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Báwo wá ni ẹni tí wọ́n fi àmì mẹ́rin jù ṣe padà wá fi mẹ́tàléláàádọ́rin ju ẹni tó nà án?

Ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún ènìyàn ni pé ìbínú ni. Wọ́n bú Chicago, Chicago bínú, Chicago gbẹ̀san. Ìtàn tó dùn ún gbọ́ ni, ó sì ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n mi ò gbà á tán. Ìbínú lè mú kí ènìyàn sáré kíákíá, kò lè fi ibi tí yóò sá gbà hàn án. Ọgbọ́n ló ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà, ọgbọ́n tí wọ́n fi sùúrù kó jọ, ó sì ń dùn mí pé ìyẹn gan-an ni àwọn tó ń sọ ìtàn máa ń fò kọjá.

Fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lẹ ń wò: nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù náà sáré tàbí kí wọ́n jù ú fún ẹlòmíì. Ẹni tó bá gbé e kọjá ìlà tó wà ní ìparí pápá alátakò ti gba àmì 6, òun ni wọ́n ń pè ní touchdown. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbá a gba àárín òpó méjì fún àmì 1 sí i. Bí ọ̀nà bá dí, wọ́n lè gbá a gba àárín òpó láti ọ̀ọ́kán fún àmì 3. Nítorí náà, 73 túmọ̀ sí pé Chicago wọ ilé Washington lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, wọ́n sì gba àmì kékeré méje lé e. Ẹ má gbàgbé pé láyé ìgbà yẹn, àwọn ọkùnrin mọ́kànlá tó ń kọlu ni wọ́n tún ń dènà. Kò sí ọ̀wọ́ olùdènà ọ̀tọ̀ tó ń bọ̀ wá gbapò lọ́wọ́ wọn.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn, ká wo oṣù Kọkànlá. Ó kù díẹ̀ kí eré parí nígbà tí George McAfee ti Chicago gba bọ́ọ̀lù, ó sì sáré títí wọ́n fi gbé e ṣubú ní yáàdì kan péré sí ìlà. Aago ń lọ. McAfee ṣe bí ẹni tó fara pa kí aago lè dúró, àwọn rẹfirí sì fi yáàdì márùn-ún jẹ Chicago níyà. Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn, Bill Osmanski ni wọ́n jù ú sí lẹ́yìn ìlà. Kò rí i mú. Ó ní Frank Filchock ti Washington ti di òun lápá mú kí bọ́ọ̀lù náà tó dé. Rẹfirí kò sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ Chicago ya bo àwọn rẹfirí, George Halas tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, tó tún ni ẹgbẹ́ náà, sì ń pariwo pẹ̀lú wọn. Ariwo kò yí èsì padà.

Ká ní gbogbo ẹnu pa mọ́ níbẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá tutù. George Preston Marshall ni kò pa ẹnu mọ́. Marshall ló ni ẹgbẹ́ Washington. Òwò alágbàfọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló sọ di ńlá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ń fọ aṣọ sí. Ní 1937 ló kó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ láti Boston wá sí Washington. Ó mọ ìpolówó, ó mọ bí a ṣe ń fi ìlù àti fèrè kó èrò wá sí pápá, kò sì sí ìgbà tí oníròyìn béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í rí nǹkan sọ. Ó sọ fún wọn pé ọmọ ẹlẹ́kún ni àwọn Bears, pé ìgbà tí wọ́n bá wà níwájú ni wọ́n mọ eré ṣe, pé bí ọ̀rọ̀ bá ti le, wọ́n á túúbá. Àwọn ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Halas gé àwọn ìwé ìròyìn náà, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń wọṣọ, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wọ bàtà yóò kọ́kọ́ ka èébú ara rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn olùsọ̀tàn ti máa ń fò bọ́ sórí pápá. Èmi fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ kì í sábà jáde tó bó ṣe yẹ.

Clark Shaughnessy ni wọ́n ń pè é. Láti 1933 títí di 1939, òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Yunifásítì Chicago, níbi tí àwọn aláṣẹ ti ka ìwé sí ju bọ́ọ̀lù lọ tí agbára ẹgbẹ́ náà sì ń dín kù lọ́dọọdún. Ọdún 1939 ló burú jù. Harvard nà wọ́n ní 61 sí òdo. Ohio State náà nà wọ́n ní 61 sí òdo. Michigan nà wọ́n ní 85 sí òdo. Nígbà tí ọdún náà parí, ilé ẹ̀kọ́ náà pa ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ rẹ́. Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tó dúró létí pápá tó ń wo 85 sí òdo, tí gbogbo ayé ń wò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló ràn Chicago Bears lọ́wọ́ láti hun 73 sí òdo ní ọdún tó tẹ̀lé e. Nígbà tí mo kọ́kọ́ to ọjọ́ méjèèjì yìí pọ̀, mo dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, mo lọ dúró síta. Mo ti mọ̀ nípa 73 láti ọjọ́ pípẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí nípa 85.

Nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Chicago, òun àti Halas di ọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń sọ ní gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ ètò T, ọ̀nà kan tí àwọn tó ń kọlu fi ń tò sórí pápá. Ètò náà kì í ṣe tuntun. Halas ti ń lò ó láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí darí ẹgbẹ́ náà ní Decatur ní 1920, Ralph Jones tó bá a kọ́ wọn láàárín 1930 sí 1932 sì ti tún un ṣe, ó fẹ̀ ẹ́, ó sì mú kí ẹnì kan máa sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Shaughnessy ló wá mú un dé ibi tí ojú alátakò kò ti lè bá a lọ mọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìgbà náà, Washington náà wà níbẹ̀, ẹni tó wà láàárín á ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láti abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ẹnì kan tó dúró ní ìṣísẹ̀ mélòó kan. Gbogbo ènìyàn ló ń rí ọwọ́ tó bọ́ sí. Àwọn tó kù á kóra jọ sí apá kan, wọ́n á fi agbára la ọ̀nà fún un. Nínú ètò T, quarterback, ẹni tó ń darí ìkọlù, á súnmọ́ ẹni àárín pẹ́kípẹ́kí, á gba bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ sí ọwọ́, àwọn mẹ́ta yòókù á tẹ̀lé e lẹ́yìn lórí ìlà kan. Ẹni tó bá wò ó láti òkè á rí lẹ́tà T. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan quarterback lọ́wọ́, ó ti kọ ẹ̀yìn sí alátakò. Ó lè fún ẹni ọ̀tún, ó lè fún ẹni òsì, ó lè nà án sí ẹni tó wà láàárín àwọn mẹ́ta náà kó sì fà á padà mọ́ra. Kí ẹni tó ń dènà tó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, wọ́n ti kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó ń sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Bí o bá tẹ̀lé e, o ti fi àyè sílẹ̀ láàárín. Bí o kò bá tẹ̀lé e, ó ti dá wà létí pápá.

Ọ̀ta ayò ni mo máa ń rántí nídìí èyí. Ẹni tó mọ ayò á fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ kó ọmọ jọ sójú ilé kan, alátakò rẹ̀ á rò pé kò rí ibi tà sí ni, títí ọwọ́ á fi kan odù náà tí yóò sì yí ọpọ́n ká.

Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ quarterback lé lọ́wọ́ ni Sid Luckman, ọmọ Júù láti Brooklyn tó jáde ní Yunifásítì Columbia. Nígbà tó dé ní 1939, ètò náà le fún un. Kì í ṣe bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn, ó kọ́kọ́ ń ṣi ẹsẹ̀ gbé, wọ́n sì ní láti gbé e sí ipò mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Ó fi òru kọ́ ọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejìlá 1940, ó mọ iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá náà ju bí àwọn fúnra wọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Shaughnessy ti bọ́ sí Stanford ní California nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ tó bá níbẹ̀ ti borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 1939. Pẹ̀lú ètò T, kò sẹ́ni tó nà wọ́n ní 1940. Nígbà tí líìgì tirẹ̀ parí ó wá sí ọ̀dọ̀ Halas. Wọ́n jókòó ti fíìmù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ oṣù Kọkànlá, wọ́n ń wo ibi tí olúkúlùkù ọmọ Washington ń dúró sí, ibi tó ń sá sí tí ẹnì kan bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n yan ọgbọ́n ìkọlù díẹ̀ tó bá ibẹ̀ mu, wọ́n ju ìyókù nù. Ìwọ̀nba yìí ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà títí ara wọn fi gbà á.

Ọjọ́ pé. Òǹwòran 36,034 ló kún pápá Griffith. Ilé iṣẹ́ rédíò Mutual gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí ibùdó 120, Red Barber ló ń ṣàlàyé rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tí àṣekágbá NFL máa wọlé sí etí gbogbo Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń ronú nípa àwọn tó tan rédíò wọn lọ́jọ́ náà tí wọn kò tíì gbọ́ irú eré yìí rí, tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé nìyí.

Luckman kọ́kọ́ dán wọn wò. Ó rán ẹnì kan lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó gbé bọ́ọ̀lù fún McAfee, ó sì wo bí Washington ṣe gbéra. Bí wọ́n ṣe dúró ní oṣù Kọkànlá ni wọ́n ṣe dúró. Ohun tó fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ìgbà kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó fún Osmanski, Osmanski yìí kan náà tí wọ́n ní ó ń sunkún. Ọ̀nà tó yẹ kó gbà dí díẹ̀, ó yà síta, ó bọ́ sí etí pápá apá òsì, ó sì ń sáré. Méjì nínú àwọn ọmọ Washington ń bọ̀ láti dá a dúró. George Wilson sáré láti òdìkejì pápá, ó forí sọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì sì jọ ṣubú. Yáàdì 68, touchdown. Eré náà kò tíì lo ìṣẹ́jú kan.

Washington kò kú síbẹ̀. Max Krause gba bọ́ọ̀lù tí Chicago gbá sí wọn, ó gbé e sáré wọ inú pápá Chicago lọ́hùn-ún. Sammy Baugh, ọmọ Texas, ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù jù lọ lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, ju ọ̀kan sí Charley Malone nítòsí ìlà. Kò sẹ́ni lára Malone. Oòrùn wà lójú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù bọ́. Wọ́n gbìyànjú àmì 3, ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí wọ́n bi Baugh lẹ́yìn eré bóyá ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀ ká ní Malone mú bọ́ọ̀lù náà, ó ní ó ṣeé ṣe, ìbá ti jẹ́ 73 sí 7. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín sí èsì yẹn dòní. Èmi gbọ́ ọkùnrin kan nínú rẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi náà lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí.

Luckman fúnra rẹ̀ gbé ìkejì wọlé, Joe Maniaci sáré yáàdì 42 fún ìkẹta. 21 sí òdo, ìdámẹ́rin àkọ́kọ́ eré náà kò sì tíì parí. Kí wọ́n tó lọ sinmi, Luckman ju ọ̀kan sí Ken Kavanaugh, ó di 28. Lẹ́yìn ìsinmi ni ọ̀rọ̀ wá bàjẹ́ pátápátá. Ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn tó báyìí kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó máa ju bọ́ọ̀lù káàkiri, Chicago sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Hampton Pool já ọ̀kan gbà lẹ́nu ẹni tí wọ́n jù ú sí, ó gbé e wọlé. McAfee já ọ̀kan gbà, ó gbé e wọlé. Bulldog Turner já ọ̀kan gbà, ó gbé e wọlé. Ray Nolting náà ti sáré tirẹ̀ láàárín wọn. 54 sí òdo. Lápapọ̀, bọ́ọ̀lù mẹ́jọ ni wọ́n já gbà lọ́wọ́ Washington lọ́jọ́ náà. Láàárín gbogbo èyí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn pápá kéde fún àwọn èrò pé wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí ra tíkẹ́ẹ̀tì ọdún 1941. Wọ́n hó lé ìkéde náà lórí.

Láyé ìgbà yẹn, bọ́ọ̀lù tó bá wọ àárín èrò ti lọ nìyẹn. Chicago gbá àmì kékeré títí bọ́ọ̀lù fi fẹ́ tán lọ́wọ́ àwọn rẹfirí, wọ́n sì ní láti bẹ Halas pé kí ó má gbá a mọ́, kí wọ́n kúkú máa jù ú. Ó gbà. Harry Clarke wọlé lẹ́ẹ̀mejì, Gary Famiglietti wọlé lẹ́ẹ̀kan, eré parí. Touchdown mọ́kànlá, ọkùnrin mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbà wọ́n. Owó tí wọ́n pín fún ọmọ Chicago kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní 870 dọ́là, ti ọmọ Washington lé ní 600.

Ṣé ìwà ìkà ni? Àwa Yorùbá máa ń sọ pé bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́, mo sì ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò dáadáa, nítorí n kò fẹ́ràn ẹni tó ń tẹ ẹni tó ti ṣubú mọ́lẹ̀. Luckman kò wọlé mọ́ lẹ́yìn ìsinmi. Àwọn tí wọ́n máa ń jókòó létí pápá náà wọlé gbá. Kí ni kí Bulldog Turner ṣe sí bọ́ọ̀lù tó bọ́ sí i lọ́wọ́, kó dá a padà? Àwọn Washington náà kò sì jókòó kalẹ̀. Wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù títí dé ìparí, wọ́n fẹ́ gba àmì kan ṣoṣo. Ẹni tó ń làkàkà bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i ni kí o máa bá a gbá a. Ìwà tí mo rí tó burú ni ti Marshall, tó tún jáde sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn ọmọ òun ló túúbá. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí àwọn ọmọ ẹlòmíì ló padà sọ sí tirẹ̀. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Nǹkan mìíràn tún wà nípa Marshall tí n kò lè fò. Maryland ni mo ń gbé, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí yí Washington ká. Nígbà kan mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó gba ìtọ́jú ní Howard University Hospital, bàbá àgbàlagbà kan tí a jọ jókòó ló sì sọ fún mi pé ilẹ̀ tí a wà yìí ni pápá Griffith wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n wó pápá náà ní 1965, wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn sórí rẹ̀. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rárá. Josh Gibson ló ń sọ, àti Homestead Grays, ẹgbẹ́ baseball àwọn aláwọ̀ dúdú tó sọ pápá náà di ilé kejì wọn láyé ogun. Àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ni, Yunifásítì Howard kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ariwo 73 sí òdo láti ojú wíńdò wọn, àwa ni wọ́n jọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó dúdú lórí pápá náà lọ́jọ́ náà, ì báà ṣe lápá Washington tàbí lápá Chicago. Láti 1934 títí di 1945, NFL kò gba aláwọ̀ dúdú kankan. Kenny Washington, aláwọ̀ dúdú láti yunifásítì UCLA, ọ̀kan nínú àwọn tó mókè jù ní ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogbo ní 1939, gbá bọ́ọ̀lù ní Chicago níwájú Halas àti àwọn olówó líìgì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1940, lára ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣà jọ láti pàdé Green Bay. Kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́. Ó di 1946 kí Los Angeles Rams tó gbà á, eékún rẹ̀ ti bàjẹ́ nígbà yẹn. Marshall ló lọ́ra jù nínú gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbẹ̀yìn, ó di 1962, nígbà tí Stewart Udall, mínísítà ìjọba Kennedy, sọ fún un pé kò ní lo pápá tuntun tó wà lórí ilẹ̀ ìjọba bí kò bá gba aláwọ̀ dúdú. Bobby Mitchell wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé lọ́dún náà. Orúkọ ẹgbẹ́ náà pàápàá, Redskins, èébú ni sí àwọn tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó di 2020 kí wọ́n tó gbé e jù sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé èébú Marshall sí Chicago ni èébú tó wúwo jù lẹ́nu rẹ̀, mo máa ń ní kó lọ wò ó dáadáa.

Lónìí, Adewale Ogunleye ti gbá bọ́ọ̀lù fún Bears láti 2004 sí 2009, ó bá wọn dé Super Bowl. Olamide Zaccheaus wọ aṣọ Washington ní 2024, ó wọ ti Chicago ní 2025. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu asọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pè é bó ṣe wù ú.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọ́n nà? Ní 1942 wọ́n tún pàdé Chicago ní àṣekágbá, ní pápá Griffith yìí náà. Chicago ti borí mọ́kànlá nínú mọ́kànlá lọ́dún náà. Ray Flaherty, akọ́nimọ̀ọ́gbá Washington, kọ nǹkan kan ṣoṣo sójú pátákó kí wọ́n tó jáde: 73-0. Washington borí, 14 sí 6. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ìbínú máa ń parí rẹ̀ síbẹ̀.

Èmi máa ń bá a lọ dé 1944. Ètò T ti gba gbogbo Amẹ́ríkà kan nígbà yẹn, Marshall sì ránṣẹ́ pe Clark Shaughnessy, Shaughnessy gan-an, pé kó wá máa gba àwọn nímọ̀ràn bí wọn yóò ṣe lò ó. Baugh kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀nà kan láti ìgbà èwe rẹ̀, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sì ní kó wá bẹ̀rẹ̀ láti orí a, b, d. Ó kọ́ ọ. Ní 1945, nínú bọ́ọ̀lù 182 tó jù, 128 ló débi tó rán an, ìdá 70.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó kọjá ibẹ̀ títí di 1982. Ọdún 1945 yẹn wọ́n tún dé àṣekágbá, ní Cleveland, nínú òtútù tó mú gan-an. Baugh tí ìhà ń dùn ju ọ̀kan láti inú ilé ara wọn, bọ́ọ̀lù náà gbá òpó, ó bọ́ sílẹ̀, òfin ìgbà náà sì fún Cleveland ní àmì 2. 15 sí 14 ni wọ́n fi pàdánù. Wọ́n yí òfin náà padà lẹ́yìn ìyẹn, Baugh sì gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún méje sí i, nínú ètò T.